Orúnkún Mi Nínú Gbọ̀ngàn

Basement ilé ẹ̀gbọ́n mi, lábẹ́ ilẹ̀, ni mò ń gbé nígbà náà ní Calgary, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí mi lọ. Tí snow bá ti bo fèrèsé yẹn, ọ̀sán àti òru kò yàtọ̀ mọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé kí wọ́n tó mú mi wá láti máa tọ́jú àwọn ọmọ wọn. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀, n kì í rí àgbà kankan bá sọ̀rọ̀ àyàfi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà kì í bá mi sọ̀rọ̀, àṣẹ ló ń pa.

Ká ní ilé la wà, òun ni ì bá máa kúnlẹ̀ kí mi, torí wọ́n ti bí mi sínú ẹbí náà kó tó wọlé ọkọ. Kò ní pè mí lórúkọ pàápàá. Ní Calgary, èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, tí mò ń pè é ní Àǹtí. Níṣojú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń lò fún un. Níbi tí mò ń kọ yìí, n kò jẹ ẹ́ ní "ẹ" kankan.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ní ni ọjọ́ Sátidé. Àwa aláwọ̀ dúdú máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan lápá ìlà-oòrùn ìlú: àwọn ará Jàmáíkà, àwọn ará Gánà, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé, àti àwọn kan tí bàbá wọn àgbà ti Amẹ́ríkà wá dáko sí Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, láyé àtijọ́. Wọ́n ń múra ayẹyẹ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tí wọn yóò ṣe nínú oṣù Èrèlé. Mo máa ń bá àwọn obìnrin rán aṣọ níbẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á na sísọ́ọ̀sì sí mi, màá gbà á, á rẹ́rìn-ín sí mi. Ìyẹn tó mi. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí Àǹtí kì í sọ ọ́ pé, "Tó o bá dójú tì mí níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, o ò ní jáde nílé yìí mọ́."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ti fẹ́ wá láti orí òkè, snow ti yọ́, gbogbo bàtà ló ń kó ẹrẹ̀ wọlé. Wọ́n ní èmi ni kí n gbé ẹ̀bùn fún ìyá tó dàgbà jù nínú gbọ̀ngàn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àgbẹ̀ wọ̀nyẹn. Ìborùn tí àwa obìnrin rán ló wà nínú páálí tí wọ́n gbé fún mi.

Àǹtí fa bùbá mi gún. "Kàn gbé e fún wọn, kó o padà. Má ṣe bí ará oko."

Mo dé iwájú ìyá náà. Irun wọn funfun, wọ́n dé fìlà, ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀. "Ẹ káàsán, mà," ni mo wí, mo gbé páálí náà lé wọn nítan.

Ọmọbìnrin ìyá náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti ń hu ewú, fò dìde, ó gbá apá mi mú, ó fà mí sókè.

"Dìde! Kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn yìí! Irú kíkúnlẹ̀ fún òyìnbó báyìí ni àwọn bàbá wa àgbà sá kúrò ní Amẹ́ríkà fún, ìwọ wá ń wólẹ̀ níwájú wa?" Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, èyí tó yé mi nínú rẹ̀ sì tó.

"Madam, na greet she dey greet o," ọmọ Nàìjíríà kan ké láti ẹ̀yìn.

"Kó dúró kí wọn!"

"Àbí ọbabìnrin ló rò pé òun rí ni?" ọkùnrin kan wí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́wọ́ lé páálí náà, wọ́n ń wò mí.

Ìgbà yẹn ni òyìnbó kan láti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá síwájú. Ó ní ó dára gan-an, pé òun kò tètè yà á. Ṣé mo lè tún kúnlẹ̀?

"Ẹ wò ó, kò ní kúnlẹ̀!" obìnrin tó di apá mi mú jágbe mọ́ ọn.

Àǹtí ti dé, ó ń rẹ́rìn-ín sí òyìnbó, ó ń já mi léèékánná lẹ́yìn. "Kúnlẹ̀ jàre. Ìwé ìròyìn ni. Ọ̀gá ẹ̀gbọ́n ẹ á rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí."

"O ti ń dá mi lóhùn? Ṣebí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ tó o fi kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Kúnlẹ̀!"

Wọ́n ń jà lé orúnkún mi lórí bí ẹni pé n kò sí lókè rẹ̀. Mo kórìíra gbogbo wọn lásìkò yẹn, ẹni tó ní kí n kúnlẹ̀ àti ẹni tó ní kí n má kúnlẹ̀. Ohùn tí n kò mọ̀ pé mo ní jáde lẹ́nu mi.

"Mo ti kí wọn tán! Ìyá yìí ni mo kúnlẹ̀ fún, n kò kúnlẹ̀ fún yín!"

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Òyìnbó bèèrè ohun tí mo wí.

"Ó ní ojú ń ti òun," Àǹtí dá a lóhùn.

Àwòrán àwọn tó jó níbi ayẹyẹ náà ni wọ́n padà gbé sínú ìwé ìròyìn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ti wọ kóòtù tán kí n tó rí i pé bàtà snow mi kò sí lẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti sọ fún ẹ," Àǹtí wí láti kíṣìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó wò mí, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Mo bọ́ kóòtù, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement. N kò dé gbọ̀ngàn yẹn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gòkè wá, mo dúró ṣánṣán níwájú Àǹtí. "Ẹ káàárọ̀," ni mo wí. Ó wo orúnkún mi. Ó ń dúró kí n tẹ̀ ẹ́, n kò tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń kí i nìyẹn títí mo fi kúrò nílé rẹ̀. Kò sì lè bi mí léèrè, torí ó mọ ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ fún ẹnì kejì.