Téèpù Tó Kọ Ẹrù

Fúnṣọ́ ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó èsì ìdánwò sí ní yunifásítì kan ní Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ náà ti jẹ ẹ́ lára débi pé oorun a máa gbé e lọ lórí ìjókòó.

Ẹ̀rọ náà ti gbó. Láti àárọ̀ ni díìsìkì inú rẹ̀ ti ń dún bí àyà arúgbó tí ikọ́ ń dà láàmú. Bó bá kú kí Fúnṣọ́ tó ṣe ẹ̀dà èsì náà, àwọn ọmọ tó ń retí àtilọ ṣe àgùnbánirọ̀ jókòó sílé nìyẹn.

Ilé kejì ni ẹ̀rọ téèpù tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀dà wà, wáyà ló so òun àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Àṣẹ ni Fúnṣọ́ máa tẹ̀, kí èsì gba inú wáyà lọ wọ inú téèpù. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ní rárá. Ó tún un tẹ̀, rárá náà ni. Ó yẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó tọ wáyà láti ògiri dé ògiri. Wáyà ò já. Oòrùn ti ń yí.

Ó ku téèpù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ìyá Dámiláre nìyẹn wà, àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ta ni yóò bi àgbà pé ṣé iṣẹ́ rẹ̀ pé? Láàárọ̀, orí fóònù ló ti rọra bi í pé ṣé téèpù wà níbẹ̀. Màmá ní ó wà níbẹ̀ digbí. Fúnṣọ́ ò bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí díìsìkì tún dún gàgà, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá Màmá ní ilé kejì, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú mà. Ẹ jẹ́ kí n fojú kan téèpù yẹn."

"Hẹn! Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ lo wá ṣọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí ni mà."

Màmá wo ojú rẹ̀, ó yọ téèpù. Ohun kékeré kan wà létí rẹ̀ tí wọ́n ń tì sápá kan kí nǹkan mìíràn má baà wọ inú rẹ̀. Wọ́n ti tì í.

"Yéè! Èmi ni mo tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà ba ti oṣù tó kọjá jẹ́. Mo gbàgbé, mi ò pààrọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi láti àárọ̀ pé kò gbà, dìndìnrìn yìí?"

"Ẹ̀rù yín ń bà mí."

"Ṣé mo ń pa èèyàn jẹ ni?"

Ó fi téèpù tuntun sí i. Fúnṣọ́ padà, ó tẹ àṣẹ, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ku ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nígbà tí díìsìkì dún gbì, tó sì dákẹ́ pátápátá. Fúnṣọ́ gbé orí lé tábìlì. Agbára ẹkún gan-an kò sí.

Ibẹ̀ ni Ìyá Dámiláre bá a, ó ti rí i nínú téèpù pé ẹ̀ka kan ò dé.

"Lọ gba ìwé máàkì ẹ̀ka yẹn wá sọ́dọ̀ mi. Èmi ó máa kà á, ìwọ ó máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tèmi."

"Lónìí náà, mà?"

"Lónìí náà. Àwa méjèèjì la jọ fi àárọ̀ ṣòfò."

Fúnṣọ́ fọwọ́ ti ògiri, ó dìde.