Ọtí Kajú Tí Kò Gbọdọ̀ Dùn

Ní Manigri, ìlú wa, hóró kajú làwọn èèyàn ń wá. Èso rẹ̀ fúnra rẹ̀, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́, tàbí kó jẹrà sábẹ́ igi. Ọkọ mi ló ní ká máa fi ṣe ọtí. Mo fi í ṣẹ̀sín títí ó fi sú mi, lẹ́yìn náà ni mo ká aṣọ mi sókè, mo bá a fún èso.

A máa ń da omi ìrẹsì sísè sí i kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè rọlẹ̀, a ó sẹ́ ẹ sínú bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oníke, a ó sì fi sílẹ̀ kó máa hó títí gbogbo adùn rẹ̀ yóò fi tán. Tó bá ti dákẹ́, a ó rọ ọ́ sínú ìgò. Ọtí funfun ni, kò dùn rárá, àmọ́ bí o bá ṣí i, òórùn kajú á gba gbogbo yàrá. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn ju ọtí náà lọ.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó ni ilé oúnjẹ ní Bassila ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò, pé irú ọtí tí kò dùn bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà òun máa ń béèrè. Ọkọ mi sọ fún mi pé bí obìnrin yìí kò bá gbà á, òun ń bá àwọn ẹgbẹ́ òun lọ síṣẹ́ oko ní Nàìjíríà. Oyún wà nínú mi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò lè purọ́.

Lọ́jọ́ tí a lọ, mo jókòó sẹ́yìn alùpùpù, mo gbé páálí ìgò lé itan. Oòrùn mú gan-an. Obìnrin náà ò tíì fọwọ́ kan ìdérí ìgò kan dáadáa tó fi bẹ́, ìfóófòó bo aṣọ rẹ̀. Ó tọ́ èyí tó kù wò, ó ní, "Ó dùn. Ó tún ti ń hó padà." Ó rọra dá páálí wa padà.

Bí a ṣe délé, ọkọ mi ní èmi ni mi ò fọ ìgò dáadáa, òun ló jẹ́ kí ọtí hó. Èmi! Èmi tí mo fọ ìgò títí ìka mi fi bó! Mo sọ tẹnu mi, òun náà sọ tiẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti lọ.

Mo ń sunkún nídìí ààrò nígbà tí ìyá ọkọ mi wá jókòó tì mí. Nílé wa, omi tí a po ìyẹ̀fun àti ṣúgà mọ́ la kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò. Ìyá yìí ò lè fi ohun kíkan lọ èèyàn láéláé.

"Má sunkún mọ́, ìyàwó mi," ó ní. "Mo ṣe ìwọ̀n tí mo lè ṣe. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ lọ, mo ṣí àwọn ìgò yẹn, mo bu ṣúgà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnu obìnrin náà lè dùn. Kò ṣáà fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Ṣúgà yẹn ló mú kí ọtí náà tún hó. Ìyá tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dúró nílé, bóyá jù mí lọ, ló lé e lọ, kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ pè, ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ètè mi. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, forí jì í," ó ní. "Ọmọdé ni. Èmi fúnra mi ni n ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ ìgò."

Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ń fojú sọ fún mi pé kí n dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ tòun ti ikùn mi, mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá."