Ọjọ́ tí A Tò ní Rélùwéè

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ní ọjọ́ Sátidé kan tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Àwa awakọ̀ ìlú wa, tí kò jìnnà sí Ṣakí, wà lórí pápá bọ́ọ̀lù, a tò ní ìlà méjì. Bàbá Rájí, ẹni tí àwa ń dìbò fún, dúró níwájú òpó gôòlù kan. Gàníyù, ẹni tí ó ń bá a du ipò alága, dúró níwájú òpó kejì. Ọ̀gá tí ẹgbẹ́ awakọ̀ rán wá láti Ìbàdàn jókòó sí àárín lábẹ́ agbòòrùn. Òun ni yóò kà wá. Èmi ni aṣojú Bàbá Rájí. Ìyàwó mi, Ìyá Kúdí, wà lórí pèpéle ibùdókọ̀, ó ń dín wàrà, ó sì ń wò wá.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa ni wọ́n ní kí n kọ ìrírí yìí, torí wọ́n fẹ́ gba pápá náà padà, wọ́n sì fẹ́ mọ bí ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí n tó jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, nítorí náà kí wọ́n má retí ọ̀rọ̀ dídùn. Ohun tí mo rí ni n ó sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibùdókọ̀ náà lónìí mọ̀ ọ́n sí ibi tí àwọn ìyá ń sá èlùbọ́ sí, tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Rélùwéè là ń pè é, bẹ́ẹ̀ ojú irin kankan kò dé Òkè-Ògùn. Àwọn bàbá wa ló fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Tẹ̀dé, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn máa ń wá bá tiwa gbá. Wọ́n mọ pèpéle rẹ̀ ga, wọ́n mọ ọ́n gùn, kí ó lè bá ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù dọ́gba, kí àwọn òǹwòran lè bọ́ sílẹ̀ láì fò. Ẹnì kan tó ti dé Òṣogbo rí ló sọ pé ó jọ ibùdó rélùwéè. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Àjèjì á dé, á ní, "Ọkọ̀ ojú irin dà?" A ó ní, "Ó ń bọ̀, ẹ jókòó." Àwọn mìíràn á jókòó lóòótọ́, Ìyá Kúdí á sì ta wàrà fún wọn.

Ibùdókọ̀ wa ní àṣà kan. Ẹni tí ó bá dé ní ìdájí yóò bọ́ bàtà rẹ̀ sí ìlà, yóò lọ jẹun, yóò lọ kírun, yóò tilẹ̀ lọ kí ẹbí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé, tí ìlà ń lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn ni yóò máa fi ọwọ́ sún bàtà náà síwájú. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ fo bàtà ẹlòmíràn. Bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ gbá bàtà kúrò nínú ìlà, ìyá rẹ̀ ni yóò wá bẹ̀bẹ̀. A bá a láyé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju ọ̀kan lọ. Olówó kan fẹ́ kí ibùdókọ̀ kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé epo rẹ̀ ní ojú títì. Gàníyù ní bí òun bá wọlé, ọjọ́ kejì ni àwọn yóò kó lọ. Bàbá Rájí ní Rélùwéè kò ní kúrò ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Bí ọkọ̀ bá lọ, èrò yóò lọ. Bí èrò bá lọ, ta ni yóò wá wo bọ́ọ̀lù? Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà sún mọ́lé ju bẹ́ẹ̀. Orí pèpéle yẹn ni Ìyá Kúdí ti ń dín wàrà kí n tó fẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti dín tirẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí ó dá iná.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n dá fún ìbò. Ọ̀gá Ìbàdàn kò dé títí a fi kírun Àílà tán. Ó yẹ orúkọ wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a lọ tò. Ìlà wa kọjá àárín pápá, ó tún ṣẹ́rí padà. Ìlà Gàníyù kò dé àárín rárá. Gàníyù fúnra rẹ̀ ti jókòó sórí koríko bí ẹni tí ó ti gbà. Ìgbà náà ni ládàánì pe ìrun Àsàrì.

Mọ́sálásí kò jìnnà, ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ni. Àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi. Ìyá Kúdí sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ó wá bá mi, ṣíbí tó fi ń yí wàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Kúdí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àwọn kan lọ, kí àwọn kan dúró."

"Ta ni kí ó dúró? Ta lo fẹ́ kí n sọ fún pé kí ó má tíì kírun?"

"Àwọn ti Gàníyù ò lọ."

Mo wò wọ́n. Wọn kò lọ lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń kígbe sí wa pé, "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ẹni Ọlọ́run! Ẹ bá wa kí Ọlọ́run, àwa ń bọ̀ lẹ́yìn!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Kúdí ní, "Ẹ fi èmi sí iwájú ìlà nígbà náà. Èmi ò sí lórí ìrun lónìí."

"O kì í ṣe awakọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kàn ń bọ́ wọn ni."

Ó padà sídìí iná rẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá náà. Mo ní, "Ọ̀gá, a fẹ́ lọ kírun. A ó fi bàtà sílẹ̀." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Ẹ má pẹ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yí sí àwọn ènìyàn wa, mo ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín sí ipò yín, ká lọ."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. N kò béèrè. N kò sọ fún un pé, "Ṣé ẹ ó dúró dè wá?" Kò sọ sí mi lọ́kàn láti bi í. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí i kí ẹnì kan bi ẹnì kejì bóyá yóò fojú fo bàtà òun.

Bàbá Rájí ló ṣíwájú wa nínú ìrun náà. Kò fà á gùn. Nígbà tí a jáde, ìlà bàtà wa wà bí a ṣe fi í sílẹ̀, sálúbàtà, bàtà rọ́bà, ti aláwọ àwọn àgbà, láti iwájú òpó gôòlù títí kọjá àárín pápá. Ọyẹ́ ti da eruku díẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ìlà Gàníyù ti tú, wọ́n ń gbé e sókè pé ó ti wọlé. Ọ̀gá Ìbàdàn ti ń ká agbòòrùn rẹ̀.

Sàmúẹ́lì sáré wá bá mi. Ọ̀kan ni òun nínú àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó wà lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n dúró nígbà tí a lọ kírun. Omijé ti wà lójú rẹ̀.

"Bàbá Kúdí, mo pariwo. Mo ní kí ó dúró dè yín. Àwa díẹ̀ yìí ló kà."

Mo kọjú sí ọ̀gá náà. "Ọ̀gá, a sọ fún yín."

"Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ lọ kírun. Mo ní kò burú. Mo ha dá yín dúró bí?"

"Bàtà wa nìyí."

"Mo rí i. Ènìyàn ni wọ́n ní kí n kà."

Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ Gàníyù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi bàtà léèrè orúkọ rẹ̀!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n. Orí ìlà kan náà ni àwọn ìyá wọn ti ń fi bàtà sílẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí ju ti ọ̀gá náà lọ, nítorí òun kì í ṣe ará ibí.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti yí ọkọ̀ ọ̀gá náà ká. Ẹnì kan ti gbé òkúta. Wọ́n ní kò ní lọ títí yóò fi tún wa kà. Lónìí, mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dúró yí i ká láì ju òkúta, bóyá ìbá tún wa kà. Oòrùn kò tíì wọ̀, gbogbo wa la wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo bọ́ sí àárín wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ó lọ, pé a ó kọ̀wé sí Ìbàdàn. Wọ́n gbọ́ tèmi. Wọ́n yà, ọkọ̀ náà kọjá. A kọ̀wé lóòótọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí Mùgúríbì tó tó, a jókòó sórí pèpéle. Èmi ni mo sọ ọ́: láti ọ̀la lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé epo. Rélùwéè ni a ó ti máa kó èrò. Bí gbogbo wa bá dúró, èrò yóò wá wa wá. Gbogbo ọwọ́ ló ga. Sàmúẹ́lì ní, "Tí ọ̀la bá dé, mo fẹ́ rí i." Àwọn kan bú u pé aláìnígbàgbọ́ ni. Ó ní, "Ẹ̀yin onígbàgbọ́ lẹ lọ kírun." A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bi mí pé kí la rí gbà nínú ìjà náà. Ẹgbẹ́ kì í tò dìbò mọ́. Ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ka sí báyìí, wọ́n sì ní ẹ̀sùn wa wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀ lórí pápá yẹn. N kò ní fojú kéré ìyẹn, àwọn ìyá kan ṣì ní ọmọ wọn lónìí.

Ohun tí a pàdánù, ojú yín rí i. Àwọn Tẹ̀dé wá gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n láti ilé epo dé pápá, ọ̀kadà ni wọ́n ní láti gùn, àwọn òǹwòran kò sì tẹ̀ lé wọn mọ́. Koríko bo ojú gôòlù. Bàbá Rájí ta ọkọ̀ rẹ̀, ó padà sóko. Ìyá Kúdí ń dín wàrà nílé, ó ń gbé e tútù lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Wàrà tútù kì í tà bí èyí tó ń gbóná nínú epo. Kò bú mi lẹ́ẹ̀kan títí Ọlọ́run fi pè é. Àìsàn ló pa á, kì í ṣe ibùdókọ̀. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kì í jẹ́ kí n sùn.

Ohun tó kù tí mo jẹ yín ni èyí. Àwọn kan ń sọ fún yín pé ọlọ́pàá ló fọ́ ìpinnu wa, pé wọ́n fi tipátipá kó wa kúrò ní Rélùwéè. Kò sí ọlọ́pàá kankan. Ìpinnu náà kò pé ọjọ́ kan. Kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo bá Ìyá Kúdí nídìí iná ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń dín wàrà. Kò dín in nílé rí.

Mo ní, "Rélùwéè là ń lọ."

"Èrò wà níbẹ̀?"

"Wọn yóò wá."

"Wàrà kì í dúró de ìpàdé, Bàbá Kúdí."

Síbẹ̀ ó wọ ọkọ̀, mo sì gbé e lọ sí Rélùwéè. Ọkọ̀ wa tò lẹ́sẹẹsẹ, ti Bàbá Rájí ló wà níwájú. Kò sí èrò. Àwọn ọmọ Gàníyù ti dúró sí oríta láti ìdájí, wọ́n ń darí gbogbo ènìyàn sí ilé epo. A jókòó títí oòrùn fi ga. Kò sí ẹni tó ra wàrà àfi àwa awakọ̀, àánú ni a sì fi rà á. Nígbà tó yá, Ìyá Kúdí bo igbá rẹ̀, ó gbé e karí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí ojú títì.

Mo bá Bàbá Rájí, mo ní mo fẹ́ sáré gbé e débẹ̀, pé n ó padà. Ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi." Kò wo ojú mi.

Mo bá Ìyá Kúdí lójú ọ̀nà, ó wọlé. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo, kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí obìnrin kan tó pọn ọmọ fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Ìsẹ́yìn ni, Bàbá?" Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Gàníyù dúró lókèèrè, ó ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Kúdí náà dúró, igbá wà lórí rẹ̀, ó ń retí ohun tí n ó sọ.

Mo ní, "Ẹ wọlé." Nígbà tí ọkọ̀ kún, mo gbé wọn lọ sí Ìsẹ́yìn.