Ọwọ́ Wo, Gólì?

Òórùn ìpara ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí ẹni tó fi í para. Ìpara tó máa ń ta bí ata ni, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ra wá láyà nígbà ọyẹ́, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù sì fi ń ra ẹsẹ̀. Mo jókòó sórí àga Ràṣídì, onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun mi ní Rye Lane, ní Peckham níbí. Ó ti fá apá kan orí mi, ó ku apá kejì, nígbà tí òórùn náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Tóbi ló wọlé. Ọmọ ìjọ wa ni, ó ń kàwé ní yunifásítì kan ní New Cross, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Láti ìgbà tó ti wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ni gbogbo ìjọ wa, láti orí pásítọ̀ dórí àwọn ìyá tó ń to àga, ti di alátìlẹyìn yunifásítì tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n tó gbàdúrà fún Ọba ilẹ̀ yìí, wọ́n á ti gbàdúrà fún gólì. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà wú bí iṣu ewùrà, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀.

"Tóbi, kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?"

"We thank God, Daddy."

"Mo mọ̀ pé a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ni mo béèrè."

"Ó wà fine, sà. It is well."

"Ṣé o lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"By His grace, Daddy."

Ràṣídì, tó jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun Jímọ̀ ṣeré, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alihamudulilahi! Daddy, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ tiẹ̀ ló ju tiyín lọ."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí Tóbi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Catford lórí fóònù. Ohun tí Tóbi sọ yìí náà lòun náà sọ, kò sí ìyàtọ̀ àfi pé ohùn tirẹ̀ ti tín-ín-rín bí òwú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ohun tó ń ṣe é gan-an ni n kò mọ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè fà á yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí lè sọ pé bàbá yìí ti gbó, kí ló burú nínú kí èèyàn máa dúpẹ́? Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi.

Adéoyè ni orúkọ ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n Gólì ni mo ń pè é láti ìgbà tí a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí òun ló ń ṣọ́ ilé. Èmi ń gbá bàákì, iwájú rẹ̀ gan-an ni mo máa ń dúró, ìdí nìyẹn tí òun náà fi ń pè mí ní Bàákì títí di òní. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ ni, lórí òkè kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Pápá bọ́ọ̀lù wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbá bọ́ọ̀lù sókè jù, orí páànù ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò balẹ̀ sí, a ó sì máa gbọ́ ọ tí ń yí gbirigbiri bọ̀, bí ohun tí wọ́n dá padà láti ọ̀run. Ilẹ̀ pápá náà pupa fòò. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ á wọ inú ẹ̀kọ tí a ń mu láàárọ̀, a ó sì mu ún bẹ́ẹ̀. Igi tíìkì méjì àti ìdábùú kan ni òpó gólì wa. Kò ní àwọ̀n, nítorí náà àríyànjiyàn kì í tán lórí bóyá bọ́ọ̀lù wọlé tàbí kò wọlé, àfi ìgbà tí Àlùfáà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa bá gbé ọwọ́ sókè tí ó sì wí pé Ọlọ́run rí i. Nígbà púpọ̀, ohun tí Ọlọ́run rí máa ń bá ohun tí Àlùfáà fẹ́ mu.

A kò mọ ibi tí ẹ̀sìn parí sí tí bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì náà ni alátìlẹyìn wa, pẹ̀lú ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá tó ń se oúnjẹ fún wa a máa dúró ti ìkòkò ní ọjọ́ ìdíje, á ní, "Olúwa, fi agbára sínú ẹ̀wà yìí." Bí ọmọ ilé-ìwé mìíràn bá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà odò, èsì wa ni pé, "Bí Jésù bá fa bíbọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn títí di Sátidé, a ó gbá mẹ́ta wọlé yín."

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí wọn kò kọ sára ògiri. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ráhùn. Àlùfáà kì í dẹ́kun láti máa sọ fún wa nípa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó ń kùn nínú aginjù, àti ohun tí ojú wọn rí. Bí wọ́n bá bi ẹ́ pé báwo ni, kí o dáhùn pé a dúpẹ́. Mo rántí ọmọ kan tí ibà ń gbọ̀n lórí ẹní, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Nígbà tí Àlùfáà bẹ̀ ẹ́ wò, "a d-d-dúpẹ́" ló fi dá a lóhùn, Àlùfáà sì yìn ín níwájú gbogbo wa. Láti ọjọ́ yẹn, ìdúpẹ́ di ìdíje.

Ní ọ̀sẹ̀ Ìkórè ọdún tí mo ń sọ yìí, a fẹ́ pàdé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó wà ní òdì kejì odò, àwọn tí a kò tíì borí rí láti ìgbà tí a ti dé ilé-ìwé náà. Wọ́n ní kí a ru iṣu lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò ti rọ̀. Gólì gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú agbọ̀n lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ara rẹ̀ lé òkúta. Iṣu tú ká, ó ń yí lọ sísàlẹ̀ òkè. Gbogbo wa, àti akẹ́kọ̀ọ́ àti tíṣà, la sáré tẹ̀lé iṣu.

Nígbà tí a kó wọn dé, ẹnì kan béèrè pé, "Adéoyè, ṣé o ò fara pa?"

Ó ní, "Rárá o, a dúpẹ́."

Ní alẹ́, mo rí i tó fi ọwọ́ òsì bu ẹ̀bà. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síhìn-ín lè má mọ bí ìyẹn ti wúwo tó. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó jẹ́ ọ̀gá orí tábìlì wa gbá a létí, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń jẹun nílé baba ẹ nìyẹn?" Gólì ní kí ó má bínú, ó sì jókòó láìjẹun. Lọ́jọ́ kejì ó na ìwé sí tíṣà pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Tíṣà ní kí ó kúnlẹ̀ nínú oòrùn títí aago fi lù. Ó kúnlẹ̀. Ó gbà kí wọ́n pe òun ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ jù pé kí ó sọ pé ọwọ́ kan ń dun òun.

Mo mú un lẹ́yìn ilé ìdáná. "Gólì, ọwọ́ wo ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ?"

"A dúpẹ́, Bàákì."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ọpẹ́! Ọwọ́ wo?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ jalè. Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Òsì."

Ó ní bí òun bá sọ fún wọn, wọn ò ní jẹ́ kí òun ṣọ́lé, wọ́n á sì tún ní ìgbàgbọ́ òun kò tó. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe é bí a ṣe ṣe é. Lọ́jọ́ ìdíje, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà, mo máa ń bojú wẹ̀yìn, mo máa ń pariwo pé, "Ọwọ́ wo, Gólì?" Bí ó bá ti ké pé "Òsì!", màá sún mọ́ òpó ọ̀tún, màá fi ara mi dí ibẹ̀. Àwọn akọrin rò pé ọgbọ́n ìjà kan ni. Kí ó tó pẹ́, àwọn náà ti ń fi ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bi í léèrè pé ọwọ́ wo.

Bọ́ọ̀lù kan péré ló wọlé. Apá òsì ló gbà, apá tó yá, nítorí apá ọ̀tún ni mo há ara mi mọ́. Nígbà tí mo yíjú, Gólì ti nà gbọọrọ sínú ilẹ̀ pupa, ó ń rẹ́rìn-ín tí omijé fi ń bọ́. "Bàákì! Apá tó dáa ni wọ́n gbà!" Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àlùfáà wàásù pé ìpàdánù pàápàá yẹ fún ọpẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni bàbá kan tó ń to eegun nílùú tó ọwọ́ náà wò. Ó san, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ díẹ̀ bí ìkọ́. Ọwọ́ ìkọ́ yẹn náà ló fi ṣọ́lé fún wa ní yunifásítì.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti di ti ìjọba. Àlùfáà ti sùn. Ìyàwó Gólì ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, òun nìkan ló wà nínú fúláàtì ní Catford, tó máa ń pè mí ní gbogbo Sátidé láti bú àwọn ọmọ yunifásítì Tóbi pé wọn kò mọ bí a ṣe ń dúró síbi kọ́nà. Mo bi í ní òwúrọ̀ yẹn pé ara ńkọ́, ó ní a dúpẹ́. Oúnjẹ ńkọ́? Ọlọ́run ń pèsè. Kí ló dé tí a ò rí i? "Olúwa wà lórí ìtẹ́, Bàákì. Ṣé wọ́n á fi Tóbi síwájú lónìí?" Mo pe pásítọ̀. Pásítọ̀ ní òun náà ti bi í, ó sì ti sọ nípa ìgbàgbọ́ pé ara òun le. Mo béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni ti lọ wò ó. Pásítọ̀ ní, "Daddy, ẹ má sọ̀rọ̀ òdì." Mo fẹ́ ju fóònù lu ògiri.

Lọ́dọ̀ Ràṣídì, òórùn ìpara yẹn ló là mí lójú, ó rán mi létí pápá wa. Mo dìde lórí àga pẹ̀lú aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn.

"Daddy, orí yín ò tíì parí o!" ni Ràṣídì ń pariwo.

Mo dúró síta ní Rye Lane, láàárín ariwo bọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ná ẹja. Mo pe Gólì. Kí ó tó dúpẹ́, mo ní, "Ọwọ́ wo, Gólì?"

Mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn.

"Gólì. Ọwọ́ wo?"

"Òsì," ni ó wí. Ó mí kanlẹ̀. "Láti ọjọ́ Ìkórè ìjọ wa níbí, Bàákì. Ọ̀tún ò gbé kẹ́tùlù mọ́. Ẹsẹ̀ náà ti ń wúwo."

Mo ní kí ó jókòó, kí ó má gbé nǹkan kan. Mo pe áńbúláǹsì, mo padà wọlé láti sọ fún Tóbi pé kí òun náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Catford pẹ̀lú orí tí apá kan rẹ̀ dán tí apá kejì funfun bí òwú. Obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì wò mí, ó ní kí Ọlọ́run mú mi lára dá.

Áńbúláǹsì dé ṣáájú mi. Ọwọ́ òsì ló fi ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ti ṣi bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dè, búrẹ́dì tí kò lè gé wà lórí tábìlì, ó ti fi eyín bù ú jẹ létí. Ọmọbìnrin òyìnbó tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ń béèrè bí ó ṣe ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "We thank God, my dear."

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti pariwo pé kí wọ́n má gbà á gbọ́, pé ọwọ́ ọ̀tún ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, láti ìgbà Ìkórè.

Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló fọwọ́ bà á díẹ̀, pé ká ní ó tún dúró sílé pẹ̀lú ọpẹ́ rẹ̀, èyí tó tóbi ni ì bá tẹ̀ lé e. Wọ́n ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa lo ọwọ́ náà. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní sọ pé a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a dúpẹ́.

Sátidé tó kọjá, Tóbi wá kí i ní ọsibítù. Igi méjì ló fi ń rìn, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sán. Gólì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Báwo ni, Tóbi?"

"We thank God, sà."

"Ẹsẹ̀ wo?"

Ọmọ náà wojú mi, ó wojú rẹ̀. "Òsì, Daddy. It really hurts, sà. Mi ò lè sùn."

"Ẹn-hẹ́n," ni Gólì wí. "Jókòó, ká jọ dúpẹ́."

Nǹkan ti yí padà. Pápá wa ti di ilé, àwọn ọmọ wa ń fi èdè méjì gbàdúrà nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù ti ní àwọ̀n. Ìdúpẹ́ ṣì wà níbẹ̀, mo sì rò pé yóò kọjá èmi náà. N kò ní kí ẹ má dúpẹ́. Mo kàn ní kí ẹni kan wà tí ẹ lè sọ apá tó ń dùn yín fún.

Nọ́ọ̀sì gbé oúnjẹ wá. Gólì mú ṣíbí pẹ̀lú ọwọ́ òsì, kò sì sẹ́ni tó gbá a létí. Mo fa àga mi, mo gbé e lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo jókòó.