Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Mẹ́ta

Ogún ọdún ni nọ́ọ̀sì àgbà kan fi ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn aláìsàn kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, torí ìwé ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ wọn gbé egungun ẹ̀yìn onírọ́bà sókè. "Bí egungun arúgbó bá ti gbó, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ o. Ṣe ló máa kán."

Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fi agbára tẹ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ arúgbó nìyẹn láràárọ̀, títí ìyá ò fi lè dìde mọ́, tó sì kú.

"Ó ń dùn mí o, ọmọ mi," ni ìyá máa ń ké.

"Ẹ mú un mọ́ra, Màámi. Àbí ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

Nígbà tó gbé ìwé ẹ̀rí délé, àbúrò rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ẹ rí nǹkan tuntun kọ́?"

Ó ní, "Rárá," ó sì wọ yàrá lọ sunkún.