Òkè Aláràbarà Níbi Tí Dípọ̀ Gbé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo jáde nílé wa ní Rexdale, ní Toronto, Kánádà. Màmá ti jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ òtútù lọ́rùn, bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Wọn ò lè lọ. Àbúrò mi, Dípọ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Busan, ìlú etíkun kan ní Kòríà, ṣàìsàn díẹ̀, ó sì kú sọ́hùn-ún lọ́dún tó kọjá. Nílẹ̀ wa, ìyá kì í rí ojú oórì ọmọ rẹ̀.

"Ṣadé, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣé ẹnì kankan ń lọ wò ó níbẹ̀, àbí wọ́n ti pa á tì?"

"Màmá, ẹ má worry. Mo máa check gbogbo ẹ̀. Ẹ padà lọ sùn, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹsẹ̀ mi ti wú kí ọkọ̀ òfuurufú tó gúnlẹ̀ sí Seoul, olú-ìlú wọn. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé mi dé Busan. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń gun òkè bí ewúrẹ́. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí à ń san ní Toronto. Gamcheon ni orúkọ àdúgbò tí Dípọ̀ gbé. Ilé wà lórí ilé, búlúù, píǹkì, yẹ́lò, wọ́n kọjú sí òkun. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, àdúgbò tálákà ni kí àwọn ayàwòrán tó dé. Ní báyìí wọ́n ti ya àwòrán sára ògiri, wọ́n kan ẹja onígi mọ́ ọn láti fi ọ̀nà han àlejò, èrò sì ń tò láti ya fọ́tò. Mo ra hotteok, ìyẹ̀fun dídín tí wọ́n kó ṣúgà àti hóró èso sínú rẹ̀, ní ẹgbẹ̀rún méjì won, bí wọ́n ṣe ń pe owó wọn nìyẹn. Ó dùn. Inú bí mi pé ó dùn. Ta ló ní kí ibi tí àbúrò mi kú sí rẹwà tó báyìí?

Halmoni, ìyẹn ìyá àgbà lédè wọn, ni Dípọ̀ gba yàrá lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Nígbà tí wọ́n gbé omi wá, mo tún kúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ni wọ́n bá pariwo, wọ́n fà mí dìde. Fóònù mi ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa.

"Ẹ̀ẹ̀kan là ń tẹríba fún alààyè. Ẹ̀ẹ̀mejì, ti òkú ni!"

A rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wa.

Ilẹ̀ há lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà wọ́n máa ń sun òkú, wọ́n á gbé eérú rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́yìn gíláàsì nínú ilé ńlá kan. Halmoni mú mi lọ síbẹ̀. Gíláàsì Dípọ̀ mọ́ tónítóní, òdòdó tútù wà lára rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń wá," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Mo fi ìtìjú ṣàlàyé. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni, mo sì rò pé wọ́n máa dá wa lẹ́jọ́. Halmoni ní àwọn àgbà tiwọn náà sọ pé kí òbí má tẹ̀ lé òkú ọmọ. Ọmọkùnrin wọn, Min-ho, tó kú sómi, wà nínú ilé yìí kan náà, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọn ò gòkè lọ síbẹ̀ rí.

Èmi nìkan gòkè. Eruku ti bo gíláàsì Min-ho. Mo fi ìborùn mi nù ún, mo tẹríba lẹ́ẹ̀mejì. Halmoni dúró dè mí nísàlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri.

Nígbà tí mo dé Rexdale, Màmá ò jẹ́ kí n bọ́ bàtà.

"Ta ló ń lọ wò ó?"

"Ìyá kan ni, Màmá. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ọmọ tiwọn náà wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, bíi tiyín."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ta ló wá ń lọ wo ìyẹn?"

"Èmi lọ, Màmá."

Láti ọjọ́ tí Dípọ̀ ti kú, Màmá ò tíì sunkún lójú mi. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n bi mí léèrè orúkọ ọmọ náà, mo sọ ọ́, wọ́n sì ń pè é léraléra, ọmọ tí wọn ò mọ̀ rí, títí ẹnu wọn fi gbà á.