Nọ́ńbà Méjì fún Síkáànù Kan

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ wá ibi tó lè gba ìdí yín. Ẹni tó ń bẹ́ iṣu, gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yìí ò gùn, àmọ́ n kò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó wà lórí ìdúró.

Ìyàwó ọmọ mi lóyún, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Èmi ni mò ń bá a lọ sílé ìwòsàn láti Akínyẹlé. Iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, ìyẹn ìńṣọ́ránsì, ló ń gbé ìnáwó rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà ni akọ̀wé ilé ìwòsàn fi ń dárúkọ àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀, ìtọ̀ ní tirẹ̀, síkáànù tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú ní tirẹ̀. Èmi kì í fẹ́ràn ohun tí wọ́n bá fi nọ́ńbà bò lójú.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ọmọ mi wọlé fún síkáànù lẹ́ẹ̀kan, ó jáde. Mo wo ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí: nọ́ńbà méjì ló wà fún síkáànù.

Mo bi akọ̀wé, ọmọdébìnrin kan, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ yà á ni?”

“Rárá, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.”

“Ta ni wọ́n?”

“Àwọn tó ń kọ ọ́, sà.”

Akọ̀wé wo ìyàwó ọmọ mi. Ìyẹn ń wo bàtà ara rẹ̀. Àyà mi sọ fún mi pé wọ́n ń fi orúkọ ọmọ wa jalè, tàbí kí àìsàn kan wà tí wọ́n ń fi pamọ́ fún mi.

Nígbà tí a délé, mo ní, “A ò padà síbẹ̀ mọ́. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa ni wàá bímọ sí. Kò sẹ́ni tó ń fi nọ́ńbà pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀.”

Ó kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ méjì ni. Bí wọ́n bá ti kọ nọ́ńbà ti àkọ́kọ́, òmíràn wà fún èkejì. Èyí tó wà nísàlẹ̀ fi ìdí síwájú, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fi gbẹ̀bí mi. Èmi ni mo bẹ akọ̀wé pé kó má sọ.”

“Kí ló dé tí o fi bẹ̀ ẹ́?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tí mo wọlé yín, pé nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ka iye ọmọ tó ṣì wà nínú oyún.”

Òótọ́ ni. Òfin ìyá mi ni, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Síbẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá agbẹ̀bí ìjọ wa, bóyá wọ́n á sọ nǹkan mìíràn. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. “Ẹ mú un padà sọ́dọ̀ dókítà. Àdúrà ni tèmi, mi ò ní ọ̀bẹ.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe padà. Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Mo tún yẹ ìwé wọn wò: nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún iṣẹ́ abẹ tó gbé ọmọ méjì jáde. Ìyẹn náà ṣì ń fu mí lára.

Èyí tó kọ́kọ́ dé jogún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀. Èkejì jogún ojú ìfura mi. Bí ẹnìkan bá gbé e, ọmọ náà á kọ́kọ́ wo onítọ̀hún láti orí dé àyà kó tó rẹ́rìn-ín. Òfin ìyá mi ló kù, kò sẹ́ni tó jogún ìyẹn.